Iná U7 tí wọ́n ń so síwájú ọ̀kadà: iná ẹ̀ dáa, wáyà inú páálí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà lálẹ́, iná kékeré méjì yẹn tí gbogbo èèyàn ń rà báyìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí dúdú roboto tí wọ́n kọ U7 sára páálí ẹ̀, tó ní òrùka iná yípo ojú ẹ̀. Ní Gate níbí nÌbàdàn, ó ṣòro kẹ́ ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páàtì ọ̀kadà kẹ́ ẹ má rí i lórí káńtà. Iṣẹ́ ríwáyà ni mo ń ṣe, apá Mọ́níyà ni mo wà, àwọn tó ń gbé èrò láti ìdíkọ̀ rélùwéè wọ àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ìṣẹ́yìn ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, tẹ́ ẹ bá sì ti yà kúrò lójú títì ńlá wọ ọ̀nà oko lálẹ́, òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, hẹ́díláìtì tó bá ọ̀kadà wá láti kọ́ńpìnnì kì í fi ihò han èèyàn àfi tí táyà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó sínú ẹ̀. Iná yìí kì í ṣe fáàrí lọ́dọ̀ wa rárá.

Ibi tí mo dúró sí nìyí: iná yẹn fúnra ẹ̀ dáa ju owó ẹ̀ lọ, owó méjèèjì ò tó owó táyà ẹ̀yìn kan. Àmọ́ wáyà, súwíìṣì àti fíùsì tí wọ́n dì mọ́ ọn ò dáa, àwọn ló sì ń jẹ́ kí wọ́n máa gbé ọ̀kadà wá bá mi pé iná ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe iná. Nínú gbogbo U7 tí wọ́n ti gbé wá fún mi pé ó ti kú, díẹ̀ ló kú lóòótọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó ló ń dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ká yìn. Ara iná yẹn jẹ́ alumíníọ̀mù, ó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe ẹ̀yìn ẹ̀ ní ilà-ilà kí atẹ́gùn lè máa gbé ooru kúrò lára ẹ̀, torí ooru ló ń pa LED, ẹyọ kékeré inú ẹ̀ tó ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe tí wọ́n wá kùn ní dúdú náà wà lọ́jà, tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì dání ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ torí ti ike fúyẹ́, ẹ má rà á. Ojú iná gidi jẹ́ gíláàsì, òjò kì í tètè wọnú ẹ̀, síbẹ̀ mo máa ń fi sílíkọ́ọ̀nù yí etí ẹ̀ ká kí n tó dè é, mo sì máa ń rí i pé wáyà tó jáde lẹ́yìn ẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára wáyà lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kó má rí ọ̀nà wọnú iná. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi dè é máa ń dípẹtà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tí kì í dípẹtà, ìyẹn ò ní kí n má rà á.

Páálí ẹ̀ ló kọ irọ́ síra. Wọ́n kọ 125W sí i. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n lórí bátìrì 12 fóòtì, iná méjèèjì pa pọ̀ ń fa nǹkan bí 1.7 áńpù, ẹ sọ 12 di ọ̀nà 1.7, nǹkan bí 20 wáàtì ló jẹ́, ìyẹn 10 fún ẹyọ kan. Ká ní 125 lóòótọ́ ni ẹyọ kan, méjèèjì ì bá máa fa ju 20 áńpù lọ, kò sì sí ọ̀kadà kékeré tí fíùsì ẹ̀ tàbí kóìlì ẹ̀, èyí tó ń pèsè iná nínú ẹ́ńjìnnì, máa gba ìyẹn. Kò dùn mí pé ó kéré o, torí 20 wáàtì LED mọ́lẹ̀ ju gílóòbù 35 wáàtì tó wà nínú hẹ́díláìtì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa lọ, kò sì ní tètè mu bátìrì yín gbẹ. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ríwáyà ń ka 125 yẹn, wọ́n ń gbà á gbọ́, wọ́n á wá fi fíùsì 30 sí i pé kó má baà já.

Fíùsì yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Fíùsì kì í ṣe ààbò fún iná, wáyà ló ń dáàbò bò. Tí wáyà bá bó níbì kan tó fara kan irin ọ̀kadà, gbogbo agbára bátìrì ló máa gba inú wáyà yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì ló yẹ kó já kí wáyà tó gbóná. Wáyà inú páálí yẹn tín-ín-rín, tẹ́ ẹ bá wá fi fíùsì 20 tàbí 30 sí i, wáyà á ti pọ́n, ara ẹ̀ á ti yọ́ kí fíùsì tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ táńkì epo ni wáyà yẹn gbà kọjá! Ọ̀kadà kan tí wọ́n tì wá bá mi, gbogbo wáyà abẹ́ táńkì ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ di odidi kan ṣoṣo, dúdú kirimú, mo bá ṣí fíùsì wò, fíùsì 30, ó wà lódindi, kò já. Ọlọ́run ló ní kí epo má jò lọ́jọ́ náà. Fún iná tó ń fa 1.7, fíùsì 5 ti tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Ibi tí wọ́n sì ń fi fíùsì sí tún ni. Nínú àwọn páálí kan, ẹ̀gbẹ́ súwíìṣì lókè níbi hándù ni fíùsì wà, ìyẹn ni pé láti bátìrì lábẹ́ síìtì títí dé hándù, gbogbo wáyà yẹn ò ní ààbò kankan, fíùsì ń ṣọ́ ìdí tí ò sí ewu, ó fi ibi tí ewu wà sílẹ̀. Mo máa ń gé e, kí n gbé e wá sídìí bátìrì lórí pọ́sítíìfù, kó má jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orí bátìrì. Èyí tó bá jẹ́ fíùsì onígíláàsì, mo máa ń jù ú nù, gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n ojú ọ̀nà máa ń jẹ́ kó ṣí kúrò láyè ẹ̀, mo máa ń fi oníke pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò síbẹ̀, èyí tó ní ìdérí tí omi ò lè wọ̀.

Wáyà náà ńkọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn ẹyọ kan nínú ẹ̀. Tó bá pupa títí dé inú, kọ́pà ni, tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ páálí tí mo ti tú sì nìyẹn. Kì í gba iná kọjá tó kọ́pà, ó sì máa ń kán nínú láìjẹ́ pé ara ẹ̀ bó, ẹ ó kàn máa wo wáyà tó dáa lójú tí iná ò ní tàn. Wáyà ilé náà, onírin kan gbọọrọ tí wọ́n ń lò fún ògiri, mo máa ń rí i lára ọ̀kadà, àwọn kan gbà pé torí ó ki ló ṣe lágbára, ṣùgbọ́n ara ògiri ni wọ́n ṣe é fún, ògiri kì í gbọ̀n. Lára ọ̀kadà ó máa kán lọ́jọ́ kan ni. Ẹ ra wáyà mọ́tò oníkọ́pà tó ní okùn wẹ́wẹ́ púpọ̀ nínú, 1 mílímítà tó fún iná yìí dáadáa, 1.5 tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó fi ara balẹ̀.

Àwọn kan nínú páálí yìí ní ríléè, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó jẹ́ pé iná ló ń tàn án tó ń pa á, àwọn kan ò ní. Ẹ ra èyí tó ní, tàbí kẹ́ ẹ ra ríléè lọ́tọ̀, kò wọ́n. Ká sòótọ́, 1.7 áńpù ò pọ̀ débi pé súwíìṣì tó dáa ò lè gbé e, àmọ́ súwíìṣì inú páálí yìí kọ́ ni mo ń pè ní súwíìṣì tó dáa, ẹnu ẹ̀ máa ń jó. Ríléè máa ń jẹ́ kó jẹ́ pé iná kínún tó ń jí kóìlì inú ẹ̀ nìkan ló ń gba súwíìṣì kọjá, iná gidi á máa ti bátìrì lọ tààrà. Ẹ wo ìdí ríléè, ẹ ó rí nọ́ńbà níbẹ̀: 30 ni pọ́sítíìfù tó ti bátìrì wá tó ti gba fíùsì kọjá, 87 ni kó lọ sára iná, 85 kó lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì tàbí irin ọ̀kadà, 86 ni wáyà tó ti súwíìṣì bọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ni èyí tó ní ẹsẹ̀ márùn-ún, torí ẹsẹ̀ àárín ẹ̀ jẹ́ 87a, ó sì jọ 87 gan-an. 87a máa ń gbé iná nígbà tí ríléè bá ń sùn, ó máa ń gé e nígbà tí ríléè bá jí. Tí wọ́n bá so iná mọ́ ọn, tẹ́ ẹ bá pa súwíìṣì iná á tàn, tẹ́ ẹ bá tan súwíìṣì iná á kú. Ríwáyà kan gbà bẹ́ẹ̀ ṣe é fún ọlọ́kadà kan, ó wá ní kó kàn máa ta súwíìṣì sódì. Bí wọ́n ṣe pa ọ̀kadà tì lálẹ́ tí wọ́n wọlé lọ sùn, iná ń tàn, ilẹ̀ mọ́ bátìrì ti kú. Ẹ ò rí i pé kò yẹ.

Wáyà 86 náà, ẹ má mú un láti orí bátìrì tààrà. Ẹ mú un láti ibi tó jẹ́ pé àyàfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní on ni iná máa débẹ̀, wáyà tó ń gbé iná lọ sídìí súwíìṣì bíréèkì ẹ̀yìn rọrùn láti rí, ẹ fi tẹ́sítà wò ó kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò níbẹ̀, iná ti kú, ẹni bá gbàgbé ò gbàgbé nǹkan kan.

Ohun kan wà tó ń dẹ́rù ba àwọn kọ́sítọ́mà mi tí mo fẹ́ ṣàlàyé dáadáa. Iná yìí ní oríṣi mẹ́ta nínú: ó lè tàn rekete, ó lè rẹlẹ̀, ó lè máa ṣẹ́jú. Bẹ́ ẹ ṣe máa yí i padà ni pé kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tún tètè tàn án, á bọ́ sí èkejì. Ọlọ́kadà á wá bá mi pé ọ̀gá, iná yìí ti ya wèrè, mò ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, mo kó sí gálọ́ọ̀pù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú fúnra ẹ̀, mo tún kó sí òmíràn, ló bá rẹlẹ̀. Kò ya wèrè. Wáyà kan ló ń já tó ń so padà nígbà tí ọ̀kadà bá gbọ̀n, iná sì rò pé ẹ pa òun ẹ tún tan òun ni. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ti lọ dá iná padà fún ẹni tó tà á nítorí èyí, tí wọ́n sì gba tuntun, tí tuntun náà tún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ọ̀pọ̀ máa ń so nẹ́gẹ́tíìfù iná mọ́ nọ́ọ̀tì kan lára fọ́ọ̀kì iwájú tó ní ọ̀dà lábẹ́, ọ̀dà kì í gba iná kọjá, nọ́ọ̀tì nìkan ló ń ràn án lọ́wọ́. Yàtọ̀ síyẹn, láti fọ́ọ̀kì iwájú dé ara ọ̀kadà, inú bíárìn ọrùn ẹ̀ ni iná ń gbà kọjá, gíríìsì ló kúnnú ẹ̀, ó sì ń yí. Èmi máa ń fa nẹ́gẹ́tíìfù padà dé orí bátìrì pẹ̀lú wáyà tiẹ̀. Ó gba wáyà díẹ̀ sí i, wàhálà ẹ̀ tán síbẹ̀.

Ìdí kejì tó fi lè máa ṣẹ́jú ni pé wọ́n fa iná látara wáyà hẹ́díláìtì. Ó rọrùn lójú, wáyà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gé e ẹ so ó, iṣẹ́ ti parí. Àmọ́ lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, hẹ́díláìtì kì í mu iná bátìrì, ọ̀dọ̀ kóìlì ẹ́ńjìnnì ló ti ń gbà á tààrà, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, gílóòbù ò kọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n LED ò fẹ́ ẹ. Ẹ lè yẹ tiyín wò báyìí: ẹ tan hẹ́díláìtì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí tọ́rọ́tù fún un níná. Tí hẹ́díláìtì bá ń rẹ̀ tó tún ń mọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fún un, tí kì í sì í tàn rárá tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ̀dọ̀ kóìlì ló ti ń jẹun. Ẹ má so LED mọ́ ọn.

Àwọ̀ wáyà náà ti ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀. Nínú páálí, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù, àwọn èèyàn wá rò pé dúdú gbogbo ayé ni nẹ́gẹ́tíìfù. Lára Honda, àti àwọn ọ̀kadà Ṣáínà tí wọ́n ṣe ní ìran CG 125, wáyà àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì, dúdú jẹ́ pọ́sítíìfù tó ń ti ìdí kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Lára Yamaha ẹ̀wẹ̀, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ẹni tó bá so dúdú mọ́ dúdú lára Honda láìfi tẹ́sítà wò ó, iná ò ní tàn fún un, á tún lọ so wáyà dúdú yẹn mọ́ irin, fíùsì ńlá á sì já, tó bá jẹ́ pé fíùsì ṣì wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì fi wáyà dí i. Tẹ́sítà ò wọ́n o, gílóòbù kékeré kan pẹ̀lú wáyà méjì ni, kí ríwáyà máa wojú àwọ̀ lásán, mi ò lè gbà á.

Jóìǹtì. Kí wọ́n lọ́ wáyà pọ̀ kí wọ́n fi tépù dúdú wé e, oòrùn ilẹ̀ wa máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù tépù yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò á wọ̀ ọ́, kọ́pà inú ẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Ẹ ní kí wọ́n fi sódà sí i, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi so wáyà pọ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá oníhò tó ń súnkì tí iná bá rà á bò ó, lẹ́yìn náà kí wọ́n de ibẹ̀ mọ́ irin kó má máa fì, torí etí ibi tí sódà parí sí ni wáyà ti máa ń kán tó bá ń fì. Kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n o. Ẹ tún rí i pé níbi ọrùn ọ̀kadà, wáyà ní ìyọ̀ǹda tó. Ẹ yí hándù lọ sọ́tùn-ún pátápátá, ẹ yí i lọ sósì pátápátá, wáyà ò gbọdọ̀ le tantan, irin ò sì gbọdọ̀ máa fún un. Tí wọ́n bá sì fẹ́ dá táńkì padà, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa, nọ́ọ̀tì táńkì ti fún wáyà pa lójú mi rí.

Tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ríwáyà, ẹ ní kó fi mítà wò ó níwájú yín. Tan iná, wọn fóòtì lórí bátìrì, wá wọn ọ́n lórí wáyà iná gangan. Tí ìyàtọ̀ méjèèjì bá ju ìdajì fóòtì lọ, ibì kan wà tó ń jẹ iná lójú ọ̀nà, jóìǹtì ni tàbí ẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ tún tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un níná níwọ̀nba pẹ̀lú gbogbo iná tó ń tàn, bátìrì yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tó bá wà ní 12 tàbí kó máa lọ sílẹ̀, kóìlì ò lè gbé e, tàbí rẹ́kítífáyà, èyí tó ń tún iná kóìlì ṣe kó tó dé bátìrì, ti ń kú lọ, ẹ tún ìyẹn ṣe kẹ́ ẹ tó so iná kankan. Tó bá gòkè ju 15 lọ, rẹ́kítífáyà ò dá iná dúró mọ́, ó máa jó LED yín, ó sì máa se bátìrì.

Mi ò ní pẹ́ lórí títẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ àmọ́ mi ò lè fò ó. Iná yìí ò ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ parí sí bíi ti hẹ́díláìtì, ó kàn ń tú ká ni, lójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ìyà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ bí tírélà ṣe ń bọ̀ níbẹ̀ lóru, ẹ má fọ́ awakọ̀ tírélà lójú nígbà tẹ́ ẹ̀yin náà wà níwájú ẹ̀. Ẹ dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí àárín ìmọ́lẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju ibi tí iná fúnra ẹ̀ wà lọ. Kí súwíìṣì ẹ̀ sì wà níbi tí àtàǹpàkò yín á tètè dé láìgbọ́wọ́ kúrò lórí hándù, kẹ́ ẹ lè pa á tí ọkọ̀ bá ń bọ̀. Ẹ má sì lo èyí tó ń ṣẹ́jú yẹn lójú títì.

Ta ló yẹ kó rà á? Ẹni tí bátìrì ọ̀kadà ẹ̀ dáa, tó ń rìn lọ́nà tí ò níná. Ẹni tó bá jẹ́ pé kíkì ló ń tan ọ̀kadà ẹ̀ torí bátìrì ti kú, kó kọ́kọ́ ra bátìrì. Ohun tí mo ń ṣe fún kọ́sítọ́mà mi báyìí ni pé iná àti ríléè nìkan ni mo ń mú nínú páálí, wáyà, fíùsì àti súwíìṣì mo ń rà wọ́n lọ́tọ̀, owó gbogbo ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti páálí nìkan lọ, wọ́n kì í sì í padà wá nítorí iná yẹn. Nínú máàkì márùn-ún, iná gba mẹ́rin lọ́wọ́ mi, wáyà ẹ̀ gba ẹyọ kan, torí ríléè ni. Tí ẹnikẹ́ni bá ti rí èyí tí fíùsì 5 bá a wá, tí wáyà ẹ̀ sì jẹ́ kọ́pà tòótọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọjà tẹ́ ẹ ti rà á fún mi, màá lọ ra púpọ̀ níbẹ̀.